Ẹ yé ta àlá dọ́là fún àwọn ọmọ tó ń sáré

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Èmi tí mò ń kọ ọ́ gan-an wà lára àwọn tí mo fẹ́ bá wí. Lọ́dún tó kọjá mo ṣe fídíò ìṣẹ́jú kan: "Ṣé ọmọ yín mọ eré sá? Amẹ́ríkà ti ń sanwó fún eléré kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí o! Mílíọ̀nù dọ́là!" Mo fi orin sí i, mo fi àwòrán owó sí i. Fídíò yẹn rìn gan-an. Òun ni àwọn èèyàn wò jù nínú gbogbo ohun tí mo ti gbé jáde láti ìgbà tí mo ti parí yunifásítì.

2/ Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan láti Ẹ̀pẹ́ kọ̀wé sí mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ń sá mítà 200 àti 400. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò yín ni mo fi han màmá mi. Éjẹ́ńtì kan ti rí ilé ìwé fún mi ní Amẹ́ríkà, ó ní wọ́n máa sanwó fún mi. Màmá fẹ́ ta plọ́ọ̀tì tí bàbá wa fi sílẹ̀ ká lè rí owó éjẹ́ńtì." Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Oúnjẹ tó wà níwájú mi ò wù mí jẹ mọ́.

3/ Ní Sátidé, mo wọ ọkọ̀ ní Ìkòròdú, mo gba ọ̀nà Ìtòíkín dé Ẹ̀pẹ́. Màmá ọmọ náà ń ta ẹja ní ọjà Olúwo. Ó nu ọwọ́, ó fún mi ní àpótí jókòó, ó ra omi fún mi. Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú, ó ní, "Ọmọ mi, ṣebí ìwọ lo sọ ọ́ nínú fóònù pé wọ́n ń sanwó?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ohun tí mi ò lè sọ tán níwájú ìsọ̀ ẹja lọ́jọ́ yẹn ni mo wá kọ síbí.

4/ Ọ̀rọ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n ń sanwó. Àmọ́ owó yẹn ti kó agbára jọ sọ́wọ́ àwọn ilé ìwé díẹ̀. Ó ń ti ilẹ̀kùn kékeré tí àwọn ọmọ wa ń gbà wọlé tẹ́lẹ̀. Ọmọ tiwa tó bá sì ráyè gba ilẹ̀kùn ńlá wọlé, físà ọwọ́ ẹ̀ ò jẹ́ kó fọwọ́ kan owó náà bó ṣe fẹ́. Ẹni tó bá ń sọ apá àkọ́kọ́ láìsọ ìyókù, irọ́ ló ń pa. Èmi náà pa á.

5/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà ni NCAA. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin wọn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ni eléré, kò gbọ́dọ̀ gba owó ọ̀yà. Ilé ìwé ń pawó, kóòṣì ń pawó, tẹlifíṣọ̀n ń pawó, ẹni tó ń làágùn ni ò rí nǹkan kan gbà ju ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti oúnjẹ lọ. Ní oṣù Kẹfà 2021, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá NCAA lẹ́bi lórí bó ṣe dín àǹfààní ẹ̀kọ́ àwọn eléré kù. Adájọ́ mẹ́sàn-án, ohùn kan ṣoṣo. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún náà, wọ́n gbà kí eléré máa fi orúkọ àti àwòrán ara ẹ̀ pawó.

6/ Ìyẹn ṣì kéré. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ọdún 2025, Adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní House. Wọ́n máa san bílíọ̀nù 2.8 dọ́là fún àwọn eléré tí wọ́n ti rẹ́ jẹ sẹ́yìn, láàárín ọdún mẹ́wàá. Láti oṣù Keje ọdún náà, ilé ìwé fúnra ẹ̀ lè máa sanwó fún eléré tààrà, tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́. Àwa oní-fídíò gbọ́ "mílíọ̀nù 20", a fò sókè. Kò sẹ́ni tó béèrè pé: ilé ìwé wo ló ní mílíọ̀nù 20 nílẹ̀?

7/ Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kọ́nfíráǹsì ti wọlé. Kọ́nfíráǹsì ni ẹgbẹ́ tí àwọn ilé ìwé para pọ̀ dá sílẹ̀ láti máa bá ara wọn díje, kí wọ́n sì jọ ta eré wọn fún tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe bákan náà ni gbogbo wọn rí. Big Ten nìkan gba àdéhùn tẹlifíṣọ̀n tó lé ní bílíọ̀nù 7 dọ́là fún ọdún méje. SEC náà ń jẹun dáadáa. Kọ́nfíráǹsì kékeré ò rí ìdá mẹ́wàá ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá sọ fún gbogbo wọn pé "ẹ lè san tó mílíọ̀nù 20.5", ẹni tó ní in nìkan lẹ sọ ọ́ fún.

8/ Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú básíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin. Ní 2023, nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù sẹ́yìn, a rí Florida Atlantic láti Conference USA àti San Diego State láti Mountain West. Ilé ìwé kékeré ni wọ́n lójú àwọn olówó. San Diego State tiẹ̀ dé ìparí. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 2025, nígbà tó ku ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún, SEC ní méje, Big Ten ní mẹ́rin, Big 12 ní mẹ́rin, ACC ní ọ̀kan. Ẹ kà á dáadáa. Mẹ́rìndínlógún ti pé. Kọ́nfíráǹsì kékeré ò ní ẹyọ kan.

9/ Kí ló dé sí Florida Atlantic? Ní 2024 Michigan wá mú kóòṣì wọn lọ. Vlad Goldin tó ga bí ọ̀pẹ náà tẹ̀ lé e lọ sí Michigan. Láti 2021 ni òfin ti gbà kí eléré ṣí kúrò ní ilé ìwé kan sí òmíràn láìjókòó sílé ọdún kan. Mi ò bá eléré wí o, ta ló máa rí owó tí ò ní lọ? Ohun tí mò ń sọ ni pé ilé ìwé kékeré ti di ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ dàgbà fún olówó. O gbin àgbàdo, o ro ó, ọjọ́ tó gbó, ẹlòmíì wá fi ọkọ̀ kó o.

10/ Àwọn kan á ní, "Rárá, owó yẹn ti jẹ́ kí nǹkan dọ́gba. Ẹ wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Láti sáà 2019 dé 2022, SEC ló ń gba ife lọ́dọọdún: LSU, Alabama, Georgia, Georgia. Lẹ́yìn náà Michigan gba ti sáà 2023, Ohio State gba ti 2024, Big Ten sì ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ilé ìwé Ohio State fúnra wọn sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là ni àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù yẹn rí gbà lọ́dún náà. Ṣé ìyẹn ni ìdọ́gba? Erin méjì ló ń jìjàkadì, ẹ ní kí koríko máa pàtẹ́wọ́.

11/ "Kí ló kan Ẹ̀pẹ́ nínú èyí?" Ó kàn wá gan-an. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ò tíì sùn nínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ fi máa débẹ̀. Ilé ìwé wo ló mú Tobi lọ sí Amẹ́ríkà? Kì í ṣe SEC, kì í ṣe Big Ten. UTEP ni, ní ìlú El Paso, ní aṣálẹ̀ Texas, nínú Conference USA. Ibẹ̀ ló ti gba ipò kìíní NCAA ní 2017 nínú mítà 100 tí wọ́n ń fo ìdíwọ́. Ní 2022 ó di ẹni tó yára jù láyé nínú eré náà, 12.12. Títí dòní, kò sẹ́ni tó tíì fọ́ ọ.

12/ Tobi kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Blessing Okagbare gba mítà 100 àti eré fífò gígùn fún UTEP kan náà ní 2010. Láàárín 1975 sí 1982, ìgbà mẹ́fà ni àwọn ọkùnrin UTEP gba ife eré sísá NCAA, ọmọ Áfíríkà sì wà lára àwọn tó gbà á fún wọn, bíi Suleiman Nyambui láti Tanzania. Ilé ìwé tí ò lówó tó àwọn yòókù máa ń wá ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí, wọ́n á tọ́ ọ, òun náà á gbé wọn ga. Ilẹ̀kùn kékeré tí mo sọ nìyẹn. Ilẹ̀kùn wa ni.

13/ Lónìí ńkọ́? Kayinsola Ajayi tó dé ìparí mítà 100 ní Tokyo ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Auburn ló wà nígbà náà. Samuel Ogazi tó dé ìparí mítà 400 ní Olympic Paris, Alabama ló lọ. SEC ni méjèèjì. Orí mi wú fún wọn, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ká sọ òtítọ́, SEC ti lágbára nínú eré sísá kí owó yìí tó dé. Àmọ́ tẹ́lẹ̀, ọmọ tó bá já fáfá ní ilé ìwé kékeré lè dúró síbẹ̀ títí á fi gboyè. Ní báyìí, ọdún kan péré tó bá ti dáa, ilé ìwé ńlá ti pè é. Kóòṣì kékeré tó mọ̀ pé wọ́n máa gba ọmọ náà lọ́wọ́ òun, ṣé á ṣì fi ọdún mẹ́rin dúró de ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí ò tíì rí bàtà gidi wọ̀?

14/ Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń pín owó náà. Àdéhùn House fi iye èèyàn tó lè wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lélẹ̀: eré sísá, 45. Lórí ìwé, ilé ìwé lè fún gbogbo 45 yẹn ní skọ́láṣíìpù, èyí tí kò ṣeé ṣe tẹ́lẹ̀. Ìyẹn dáa. Àmọ́ ní ti owó tí wọ́n ń pín, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ńlá ń gbà ni pé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà á gba nǹkan bí 75 nínú 100, básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin 15, básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin 5. Márùn-ún tó kù, kí eré sísá, ìlúwẹ̀ẹ́, tẹ́níìsì àti gbogbo àwọn yòókù lọ jà á gbà. Mílíọ̀nù tí mo pariwo nínú fídíò mi, kò kan ẹni tó ń sá mítà 400.

15/ Ká tiẹ̀ ní ó kàn án. Físà ńkọ́? F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, gba ọmọ láyè iṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Ìpolówó, fídíò fún ilé iṣẹ́ bàtà, gbogbo ìyẹn, iṣẹ́ ni lójú òfin. Zach Edey, ọmọ Kánádà, ni wọ́n dìbò yàn ní eléré básíkẹ́ẹ̀tì tó dáa jù ní 2023 àti 2024. Kò lè pawó lórí orúkọ ara ẹ̀ bí àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ẹ̀. Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò, ní láti dúró kí Kentucky lọ gbá bọ́ọ̀lù ní erékùṣù Bahamas ní 2022 kó tó lè ṣe ìpolówó, torí pé ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ ronú ẹ̀ wò. Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ.

16/ Owó tí ilé ìwé ń san tààrà láti 2025 ńkọ́? Àwọn ilé ìwé kan ti ń wá ọgbọ́n láti fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn lọ́yà ò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́ fún, kì í ṣe kóòṣì ni wọ́n máa lé padà sílé. Ọmọ yẹn ni. Ẹ má gbàgbé pé ní oṣù Keje 2025, Amẹ́ríkà sọ ọ̀pọ̀ físà ọmọ Nàìjíríà tuntun di ti oṣù mẹ́ta, ìgbà kan ṣoṣo lèèyàn sì lè fi wọlé nígbà náà. Lábẹ́ òfin yẹn, ọmọ tó bá ti wọ̀lú, tó wá sílé wá sáré fún Nàìjíríà, ní láti tún padà sẹ́nu ọ̀nà ẹ́mbásì lọ tò.

17/ Mo padà sórí ọmọ wa. Mo ní kó fi orúkọ ilé ìwé tí éjẹ́ńtì kọ hàn mí. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé ìwé gidi ni, kì í ṣe ayédèrú. Àmọ́ Division III ló wà. Òfin ibẹ̀ ni pé wọn kì í fún eléré ní skọ́láṣíìpù nítorí eré rárá. Kọ́bọ̀ kan. Ìwé tí éjẹ́ńtì ń gbé kiri, lẹ́tà pé wọ́n gbà á wọlé lásán ni, owó ilé ìwé sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀ rẹ̀rẹ̀rẹ̀. Plọ́ọ̀tì bàbá wọn á lọ, gbèsè á wá dúró sípò ẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

18/ Mo ti ń gbọ́ yín. "Ṣé kí ọmọ náà jókòó sí Ẹ̀pẹ́ ni? Ìwọ tó o ti kàwé tán, o fẹ́ dínà mọ́ ẹlòmíì." Rárá o. Skọ́láṣíìpù gidi, tó san owó ilé ìwé, ilé gbígbé àti oúnjẹ, ìbùkún ni. Tó bá débẹ̀, kó lọ, mo máa sin ín dé pápákọ̀ òfurufú. Ohun tí mo kọ̀ ni pé ká ta àlá owó fún un, ká jẹ́ kó ta ilẹ̀ lórí ẹ̀. Ẹni tó ń lọ kàwé, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìwé ló ń lọ kà.

19/ Ẹni tó bá sì ní "ẹ má lọ" gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà nílé. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àwọn tó ń sáré fún wa ló ń ra bàtà ara wọn. Wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ bọ̀, a ya fọ́tò, ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n ń bẹ olùkọ́ torí ìdánwò tí wọ́n pàdánù. Ní Paris 2024, orúkọ Favour Ofili ò sí lára àwọn tó máa sá mítà 100, bẹ́ẹ̀ ó ti sá iye tó yẹ. Àwọn àgbà ni ò forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. A ò lè máa ṣe báyìí sí ọmọ, ká tún máa bínú pé ó gbọ́rọ̀ sí éjẹ́ńtì lẹ́nu.

20/ Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, nǹkan ti ń yí padà díẹ̀. Ìkòròdú City ti wọ líìgì àgbà láti sáà 2024/25. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ife líìgì náà ní sáà yẹn gan-an. Ọmọ àdúgbò lè gbá bọ́ọ̀lù kó sì gba owó oṣù láìgun bàálù. Ẹni tó ń sáré ńkọ́? Ìjọba Èkó ní yunifásítì lágbègbè wa: LASUSTECH wà ní Ìkòròdú, LASU ní ọgbà ní Ẹ̀pẹ́, LASUED ní ọgbà ní Nọ́fọ́rìjà. Ẹ yọ̀ǹda owó ilé ìwé fún ogún ọmọ tó ń sáré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ fún wọn: bàtà, oúnjẹ, dókítà, ìdánwò tí wọ́n lè ṣe nígbà míì. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò tó owó ẹnì kan ṣoṣo tó ń ju bọ́ọ̀lù ní Ohio State. Ohun tí mò ń béèrè nìyí, mo sì máa béèrè ẹ̀ títí á fi sú wọn.

21/ Ẹ̀yin òbí, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún éjẹ́ńtì, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin. Ìkíní: Division wo ni ilé ìwé yẹn wà? Ìkejì: ṣé kóòṣì fúnra ẹ̀ ti kọ̀wé sí ọmọ yín láti orí email ilé ìwé, àbí ẹnu éjẹ́ńtì nìkan lẹ ti ń gbọ́ ọ? Ìkẹta: iye wo gan-an ni skọ́láṣíìpù náà máa san, iye wo ló kù sọ́rùn yín, fún ọdún mélòó? Ìkẹrin: tọ́mọ bá fara pa ńkọ́? Ẹni tí ò bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ìwé, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

22/ Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi oní-fídíò, mo mọ̀ pé àwọn kan á ní "ṣebí ìwọ náà ti jẹ view tìẹ tán". Bẹ́ẹ̀ ni, mo jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ bó ṣe dùn, tí mo sì mọ ẹni tó san owó ẹ̀. Mo ti yọ fídíò yẹn kúrò láàárọ̀ yìí. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ṣì ní ẹ̀dà ẹ̀ lójú ewé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́.

23/ Màmá ò tíì ta ilẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń bínú sí mi. Kò fèsì sí mi láti Sátidé. Mi ò dá a lẹ́bi, èmi ni mo gbé àlá yẹn fún un, èmi náà ni mo wá gbà á. Àmọ́ mo gbọ́ pé láàárọ̀ Mọ́ńdè ó tún wà lórí pápá, ó ń sá mítà 400 ẹ̀, láìwọ bàtà. Ẹni tó bá ní bàtà onírin nọ́ńbà 39 nílé tí ò lò ó mọ́, DM mi ṣí sílẹ̀.